Nosh Tí Mi Ò Bá Mama Hetty Jẹ

Peckham, Lọ́ńdọ̀nù
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹsàn-án, 2023

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Àsàláámù aléékùm. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àìgbọ́hùn ara wa. Etí yín ńkọ́? Abdulqoyyum àbúrò mi sọ fún mi lórí fóònù pé dókítà tí ẹ lọ bá n'Íbàdàn ní kò sí ohun tí òun tún lè ṣe sí i mọ́. Mo sunkún díẹ̀, ṣùgbọ́n mo rẹ́rìn-ín nígbà tó ní ẹ sọ pé ó tẹ́ yín lọ́rùn bẹ́ẹ̀, pé ẹjọ́ àwọn ará ilé ti pọ̀ jù létí yín tẹ́lẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ fóònù dùn yín. Lẹ́tà dáa. Ẹ ṣáà rántí pé ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ló ń lò lójú ọ̀nà, kí ẹ má rò pé mo gbàgbé yín.

Ara mi le, iṣẹ́ ń lọ. Ọ́fíìsì tí mo ń bá ṣe ìtọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn ti fún mi ní ìyá tuntun kan. Mrs Hetty lórúkọ rẹ̀, Mama Hetty ni èmi ń pè é, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ni. Júù ni. Ó ń gbé ní Aylesbury Estate, níbi tí káńsù ti ń kó àwọn èèyàn kúrò díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n lè wó ilé kọ́ òmíràn. Télọ̀ ni ọkọ rẹ̀ tó kú. Wọn ò bímọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Jethro ló ń wá wò ó ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, òun ló ń ra oúnjẹ wá fún un láti àdúgbò àwọn Júù ní òdìkejì ìlú.

Agogo kan ọ̀sán ni mo máa ń débẹ̀. Mo máa ń gbé ọbẹ̀ adìyẹ rẹ̀ kaná, mo máa ń fi ẹ̀dọ̀ adìyẹ tí wọ́n lọ̀ mọ́ ẹyin àti àlùbọ́sà pa búrẹ́dì fún un. Ṣùgbọ́n títẹ́ tábìlì, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n tó, òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é, àwo méjì ló sì máa ń gbé síbẹ̀. Yóò ní, "Jókòó, Misi. Wá ká nosh." Èmi náà á ní, "Ẹ ṣeun mà, ó máa gba ibi ire." Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń sọ ọ́ o. Ó máa ń wò mí bíi pé àdúrà ni mò ń ṣe fún un.

Mo bi í léèrè kí ni nosh. Ó ní ọ̀rọ̀ Yídíìṣì ni, èdè àwọn Júù tí àwọn òbí òun gbé sọ́rùn wá sí ìlú yìí. Lẹ́nu ìyá rẹ̀, kí èèyàn máa bu nǹkan jẹ díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe oúnjẹ gidi, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Àwọn òyìnbó wá yá a lọ́wọ́ wọn, wọ́n sọ ọ́ di oúnjẹ èyíkéyìí. Lónìí, nínú bọ́ọ̀sì, àwọn ọmọ kékeré ń sọ ọ́, wọn ò mọ ẹni tó ni ín. Mama Hetty ní, "Wọ́n gba ọ̀rọ̀ wa, wọn ò gba ìjókòó tó bá a wá."

Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn ọ̀rọ̀, ni mo ṣe kọ ọ́ sí yín. Ẹ bá mi kí Abdulqoyyum àti ìyàwó rẹ̀.

Ọmọ yín,
Mìsítúrà


Ilé Alùfáà, Ìwó
Ọgbọ̀njọ́, oṣù Kẹsàn-án, 2023

Mìsítúrà ọmọ mi,

Wa aléékùm sàláámù. Lẹ́tà rẹ dé, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Èmi Hamid Mákánjúọlá fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ Ìwó ní ìwé, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rí, àfi lẹ́yìn tí etí mi di tán. Mo ti sọ ọ́ fún àwọn tí a jọ ń kírun. Alùfáà kan ti ń pe gúgúrú ní nosh.

Ní tiwa, ìpápánu ni. Ṣùgbọ́n mo ronú sí i, mo rí i pé wọn ò dọ́gba. Èèyàn lè dá panu lójú ọ̀nà oko, kó máa ju èèpo ẹ̀pà sílẹ̀ lọ. Tìyá yẹn dà bí ohun tí ó ń fẹ́ ẹnìkejì.

Mo rí i pé o kì í bá a jẹ ẹ́. O ṣeun. Mo mọ̀ pé o rántí ohun tí o gbé ọwọ́ lé wàláà kéwú sọ fún mi ní àárọ̀ ọjọ́ tí ò ń lọ, pé ẹran tí o kò bá mọ ọwọ́ tó pa á, o kò ní fi kan ẹnu láìbi mí. Àwọn èèyàn rò pé mo le jù. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń lọ sí ibi tí kò lè tẹ̀lé e dé ló yẹ kó le.

Ọ̀rọ̀ gidi nìyí. Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kọkànlá ni ìyá rẹ yóò pé ọdún kan nínú ilẹ̀. O kò sí níbẹ̀ nígbà tí a sin ín, n kò dá ọ lẹ́bi, òkú Mùsùlùmí kì í dúró de ọkọ̀ òfuurufú. Ṣùgbọ́n àdúà ọdún kan, a ti mọ ọjọ́ rẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Mo ti sọ fún gbogbo ẹbí pé o ń bọ̀. Mo ti ní kí wọ́n tún yàrá ìyá rẹ kùn. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Má dójú tì mí.

Bàbá rẹ,
Hamid Mákánjúọlá


Peckham
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹwàá, 2023

Bàbá mi,

Mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́. Mo kúnlẹ̀ kọ lẹ́tà yìí, nítorí nǹkan méjì ló wà nínú rẹ̀, àkọ́kọ́ kò ní dùn mọ́ yín.

Mi ò ní lè wá. Ìwé ìgbé-ìlú mi ṣì wà lọ́dọ̀ ìjọba, pásípọ́ọ̀tù mi wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ó ti pé oṣù mẹ́jọ. Bí mo bá gbà á jáde kí n lè rìnrìn-àjò, gbogbo ohun tí mo ti ṣe láti ọdún mẹ́rin á di òfo, mi ò sì ní lè padà wọlé. Mo ti bẹ̀ wọ́n, mo kọ̀wé, agbẹjọ́rò kọ̀wé. Ẹ má sọ fún mi pé tí mo bá fẹ́ gan-an màá wá. Ìyá mi ni.

Ìkejì ni pé mo ti ṣe àṣìṣe kan. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, Jethro pè mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ní, "Ṣé àǹtí mi ṣẹ̀ ọ́ ni?" Mo ní rárá o. Ó ní, "Ó ní o kì í jẹ oúnjẹ òun. Ó ní bóyá ilé Júù ni o ò fẹ́ jẹun." Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí màá wò.

Ẹ mọ bí tiwa ṣe rí. Bí a bá bá ẹni tó ń jẹun, yóò ní ẹ wá jẹun, a ó ní ó máa gba ibi ire, a ó sì kọjá. Pípe ni ọmọlúàbí, kíkọ̀ náà ni ọmọlúàbí. Ẹni tó bá jókòó ní ìpè àkọ́kọ́, wọn á béèrè ilé tó ti jáde. Mo rò pé ìkíni ni "wá ká nosh" àti àwo kejì yẹn. Ojoojúmọ́ ni mò ń dúpẹ́, tí mò ń kọ ẹ̀yìn sí i, tí mò ń fọ ìkòkò. Àṣé ó ń pè mí lóòótọ́. Jethro ní láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, kì í lè dá jẹun. Bí kò bá sí ẹnìkejì, ṣe ni yóò kàn máa fi ṣíbí ro ọbẹ̀ kiri inú àwo. Ó ti ń rù, ó ti ń fọn. Mo rí i pé ó ń fọn, mo rò pé ọjọ́ ogbó ni.

Nítorí náà mò ń bi yín, bí mo ṣe ṣèlérí. Adìyẹ tí Júù pa, tí Júù sè, ṣé mo lè jẹ ẹ́? Rahmah tí a jọ ń gbé ní ẹ̀yìn Rye Lane, tó ń ta aṣọ, fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Misi, you're forty-two o. Jẹ adìyẹ yẹn jàre, kò lè kill ẹ." Ó lè jẹ́ òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe lójú tirẹ̀ ni mo gbé ọwọ́ lé wàláà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dáhùn. Káńsù ti ní kí gbogbo ilé àwọn Mama Hetty ti ṣófo kí oṣù Kejì tó dé. Jethro fẹ́ gbé e lọ sí ilé àwọn arúgbó kan létí òkun, nítòsí ibi tí òun ń gbé. Mo fẹ́ bá a jẹun kó tó lọ.

Ọmọ yín,
Mìsítúrà


Peckham
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kejìlá, 2023

Bàbá mi,

Ẹ kú àdúà. Ọlọ́run á gbà á, á tẹ́ ìyá mi sí afẹ́fẹ́ rere. Abdulqoyyum fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi. Mo rí yín lórí àga, ẹ wọ agbádá funfun, ẹ ò wo ẹni tó ń ya àwòrán. Mo rí yàrá ìyá mi tí wọ́n kùn, mo rí i pé àwọ̀ ewé tó fẹ́ràn ni ẹ fi kùn ún. Ọjọ́ yẹn, mo gbààyè níbi iṣẹ́, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, mo ń ka Yásínì. Mi ò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mi ò tíì rí èsì yín. Mo mọ̀ pé ìfìwéránṣẹ́ lè lọ́ra. Mo ti sọ bọ́rọ̀ ṣe rí fún Mama Hetty, kó má bàa máa rò pé mo kórìíra òun. Mo ní, "Mò ń dúró de lẹ́tà bàbá mi." Ó béèrè ọjọ́ orí mi, mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní bàbá tòun náà rí bẹ́ẹ̀, pé òun ti tó ẹni ogójì ọdún kí òun tó fẹnu kan edé tí ẹ̀sìn wọn kà léèwọ̀, bàbá náà sì ti kú nígbà náà, ẹ̀rù rẹ̀ ṣì ń ba òun. Ó ní kò burú, àwa méjèèjì á jọ dúró de bàbá mi.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ṣílẹ̀kùn, kó tó kí mi ló ń béèrè: "Lẹ́tà dé?" Mo ní kò tíì dé. Yóò ní, "Ó dáa, ọ̀la." Yóò sì tún gbé àwo kejì yẹn kalẹ̀.

Mo jókòó ti tábìlì báyìí, mi ò kọ ẹ̀yìn sí i mọ́. Mo gbé kọ́ọ̀pù omi síwájú mi. Ó ń jẹun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń wo àwo mi tó ṣófo, á sì fi ṣíbí sílẹ̀. Ó ní omi kì í ṣe nosh.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́.

Mìsítúrà


Peckham
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kìíní, 2024

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún tuntun àwọn òyìnbó. Abdulqoyyum ní ara yín le, pé ẹ ń jẹun, ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú. Mo ní kó fi ìwé béèrè lọ́wọ́ yín bóyá ẹ rí lẹ́tà mi. Ó ní ẹ ka ìwé tí òun kọ, ẹ ká a, ẹ fi sábẹ́ tìmùtìmù.

Bí ẹ bá ń bínú sí mi nítorí àdúà, mo tọ́ sí i. Ẹ fi ti ìyá arúgbó yìí sí ọ̀tọ̀. Mo lọ bá ìmáàmù wa ní mọ́ṣáláṣí Old Kent Road. Ó ní lójú tòun kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ ti wàláà, ó ní kí n pe bàbá mi. Mo ní bàbá mi kì í gbọ́ fóònù. Ó ní kí n kọ̀wé. Mo ní mo ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù yìí ni Jethro á wá gbé e. "Bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́" ni mò ń fẹ́. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ náà, ẹ sọ ọ́ fún Abdulqoyyum kó pè mí.

Mìsítúrà


Ilé Alùfáà, Ìwó
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kìíní, 2024

Mìsítúrà,

Sàláámù. Ara le. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi, ni kò jẹ́ kí n tètè kọ̀wé. Ohun tí o béèrè wà nínú ìwé tí mo ká mọ́ èyí.

Bàbá rẹ


Ìwó, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kọkànlá, 2023

Ọmọ mi, ìbéèrè rẹ dára, inú mi dùn pé o béèrè. Ìdáhùn rẹ̀ kò le. Nínú Súrátùl Máídà, Ọlọ́run ní oúnjẹ àwọn tí a fún ní Tírà jẹ́ ẹ̀tọ́ fún wa, oúnjẹ tiwa náà sì jẹ́ ẹ̀tọ́ fún wọn. Júù wà lára wọn, àwọn náà kì í fi ọ̀ràn ẹran pípa ṣeré. Nítorí náà jókòó, ṣe bísímílà, kí o bá ìyá yẹn jẹun. Má tún jẹ́ kó dá jẹun mọ́. Bá mi kí i. Sọ fún un pé olùkọ́ kan ní Ìwó ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn.


Peckham
Ọjọ́ kejì, oṣù Kejì, 2024

Bàbá mi,

Mo kí yín. Lẹ́tà yín dé níjẹta. Ó ti pé ọjọ́ mẹ́fà nígbà náà tí wọ́n ti gbé Mama Hetty lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọjọ́ tó kẹ́yìn ṣe rí fún yín. Mo dé ní agogo kan. Páálí kún gbogbo ilé, Jethro ń gbé wọn lọ sínú ọkọ̀ nísàlẹ̀. Mama Hetty ti jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn. Àwo kan ló wà níwájú rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé nítorí wọ́n ti di àwọn yòókù sínú páálí ni. Kò bi mí ní lẹ́tà. Mo gbé ọbẹ̀ fún un, ó mu ṣíbí méjì, ó ní ó ti tó. Nígbà tí mo ń wọ̀ ọ́ ní bàtà, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ní, "Misi, dúró de bàbá rẹ dáadáa." Mi ò mọ̀ bóyá àwàdà ni tàbí ìbínú. Mo ti wá a títí, mi ò mọ̀.

Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí n máa kọ ọjọ́ sórí gbogbo ìwé. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kọkànlá ló wà lórí èsì yín. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo rò pé ẹ ṣe àṣìṣe. Mo tún kà á. Ẹ ti mọ ohun tí ẹ máa sọ láti ìgbà tí lẹ́tà mi ti dé. Ẹ ti kọ ọ́. Ẹ tiẹ̀ ní kí n má jẹ́ kó dá jẹun mọ́. Kí ló wá ń ṣe lọ́wọ́ yín fún oṣù méjì?

Mìsítúrà


Ilé Alùfáà, Ìwó
Ogúnjọ́, oṣù Kejì, 2024

Mìsítúrà ọmọ mi, ọmọ Hameedah aya mi,

Mo kí ọ. Mo ti ya ìwé mẹ́ta kí n tó kọ èyí. Méjì jẹ́ ìwé ìbínú, ọ̀kan jẹ́ irọ́.

Lẹ́tà rẹ dé ọwọ́ mi ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kọkànlá. Mo kọ́kọ́ ka apá ìkejì, nítorí mo rí nosh níbẹ̀, bí ọmọdé tó rí dùndú. Inú mi dùn. Mo kọ èsì ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó jẹun. Nígbà tí mo fẹ́ lẹ̀ ẹ́ pa, mo tún lẹ́tà rẹ kà láti òkè, mo wá ka ibi tí o ti ní o kò ní wá. Mo fi èsì náà sínú ìwé Tàfúsírù mi. Mo ní kí àdúà kọjá ná.

Ọjọ́ àdúà dé. O mọ̀ pé etí mi ti di, ṣùgbọ́n ojú mi ń ṣiṣẹ́. Mo ń rí ẹnu wọn: "Mìsítúrà ńkọ́? Mìsítúrà dà?" Mo ń mi orí. Mo wọ yàrá ìyá rẹ, ọ̀dà ṣì ń rùn níbẹ̀, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tí a tẹ́ dè ọ́. Ibẹ̀ ni ìbínú ti jókòó tì mí. Mo ní kí ìwọ náà mọ bó ṣe ń ṣe èèyàn láti dúró de ẹni tí kò wá. Ohun tí mo sọ nìyẹn gan-an. Gbogbo ìgbà tí lẹ́tà rẹ ń dé, mo ń kà á, mo ń rí i pé ó ń dùn ọ́, mo sì ń sọ pé ó kù díẹ̀.

N kò ro ti ìyá yẹn. Nínú gbogbo rẹ̀, n kò rò ó lẹ́ẹ̀kan. Ìwọ ni mo rò pé mò ń fi ebi ìdáhùn pa. Ẹni tí ebi ń pa lóòótọ́ ń béèrè lẹ́tà mi lójoojúmọ́, n kò mọ̀ ọ́n, kò mọ̀ mí, a kò sì jà.

Nígbà tí mo wá fẹ́ fi ránṣẹ́, mo rí ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀. Mo gbé bírò láti tún un kọ. Ọwọ́ mi kọ̀. Mo ní bí mo bá ti ṣe búburú tán, kí n má wá fi irọ́ bò ó.

Wọ́n ní àgbà tí kò bínú lọmọ rẹ̀ ń pọ̀. Ẹ̀yin méjì péré ni mo ní, mo sì ń bínú. Bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́. Mo ti fi òwe yìí la ìjà tọkọtaya mélòó kan ní Ìwó, n kò rántí rẹ̀ ní ti ara mi.

Bàbá kì í kúnlẹ̀ fún ọmọ. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́, dárí jì mí. Bí ọ̀nà bá ṣì wà láti dé ọ̀dọ̀ ìyá náà, lọ, kí o mú ìwé mi dání. Sọ fún un pé èmi ni mo pẹ́, kì í ṣe ìwọ.

Bàbá rẹ,
Hamid


Peckham
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹta, 2024

Bàbá mi,

Àsàláámù aléékùm. Mo kí yín, mo kúnlẹ̀.

Mo lọ. Rahmah bá mi gba ṣọ́ọ̀bù Júù kan lọ, a ra ọbẹ̀ adìyẹ, a ra ẹ̀dọ̀ àti búrẹ́dì. Mo rọ ọbẹ̀ sínú fìláàsì, mo wọ ọkọ̀ ojú irin fún wákàtí méjì. Mo mú ìwé yín méjèèjì dání.

Ilé náà mọ́, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òkun. Nọ́ọ̀sì tó mú mi wọlé rí fìláàsì ọwọ́ mi, ó rọra dá mi dúró. Ó ní Mama Hetty ní àrùn rọpárọsẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì tó débẹ̀. Ọ̀fun rẹ̀ kì í gbé nǹkan mì mọ́. Ojú rọ́bà tí wọ́n fi sí i níkùn ni wọ́n ń gbà fún un lóúnjẹ. Kò sì sọ̀rọ̀ mọ́.

Mo jókòó tì í. Mo ní, "Mama, lẹ́tà dé." Ó ń wò mí. Mo ka èsì yín sí i létí ní Gẹ̀ẹ́sì, mo ka ìkíni yín, mo ka ti olùkọ́ tó ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn. Mo sọ fún un pé ẹ̀yin lẹ pẹ́. Mi ò mọ̀ bóyá èmi ló ń wò tàbí fèrèsé tó wà lẹ́yìn mi.

Lẹ́yìn náà ni mo bi nọ́ọ̀sì bóyá mo lè jẹun níbẹ̀. Ó ní kò burú. Mo tẹ́ aṣọ sórí tábìlì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo bu ọbẹ̀, mo ṣe bísímílà, mo jẹ ẹ́. Mo jẹ gbogbo rẹ̀. Mo rọra jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, bó ṣe ní ìyá òun máa ń ṣe. Bàbá, ó dùn. Iyọ̀ rẹ̀ ló kéré. Mò ń sunkún, mò ń jẹun, òun náà dùbúlẹ̀ síbẹ̀, èmi nìkan ni mo jẹ ẹ́.

Mo ti dárí jì yín. Ẹ má tún bẹ̀ mí mọ́, ó ń ni mí lára. Èmi náà ní ẹ̀bi tèmi. Mo dàgbà tó láti mọ̀ pé arúgbó tó ń fọn kò lè dúró de ìfìwéránṣẹ́, mo fi yín ṣe ibi ìsápamọ́sí, nítorí ó rọrùn láti gbọ́ràn ju kí n jókòó lọ. Ìyẹn kò jẹ́ kí tiyín kéré.

Ìwé mi kò tíì jáde. Bí ó bá jáde, mò ń bọ̀. Bí kò bá jáde, á jẹ́ pé mo tún ti ṣẹ̀ yín. Nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ yín: bí ẹ bá tún bínú sí mi, ẹ bínú náà. Ẹ ṣáà dá mi lóhùn.

Ọmọ yín,
Mìsítúrà


Pósì-ọ́fíìsì, Ìwó
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹrin, 2024

Mìsítúrà,

Wa aléékùm sàláámù. Agogo mẹ́wàá àárọ̀ yìí ni wọ́n fún mi ní lẹ́tà rẹ. Ìdúró ni mo kà á, ìdúró náà ni mo wà kọ èyí, lórí káńtà wọn, bírò akọ̀wé ni mo yá. Ó ní àpò lẹ́tà ń lọ ní agogo mọ́kànlá.

N kò ní ohun kan láti sọ. Mo kàn ń dá ọ lóhùn ni.

Bàbá rẹ